Èémí Kíkúrú Lára Ẹni Tó Ní Jẹjẹrẹ: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Láti ìgbà tí a ti gbé ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú jáde lójú ewé yìí ni lẹ́tà yín kò ti dáwọ́ dúró, ohun kan náà sì ni púpọ̀ nínú yín ń béèrè: kí ló dé tí ẹni tí jẹjẹrẹ mú níbòmíràn lára fi wá ń wúkọ́, tí kò lè mí délẹ̀ mọ́, àti pé ṣé àmì pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn? Mo mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, mo gé wọn kúrú, mo sì yọ ohun tó lè tú àṣírí ẹni tó kọ wọ́n. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé pẹ̀lú èémí tó ń kúrú nítorí pé ó ti gbà pé jẹjẹrẹ ló fà á, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ohun tó ń fà á pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ìtọ́jú tó ń mú ara tuni, kódà nígbà tí jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ kò bá ṣeé lé kúrò lára mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ó tó ọdún méjì báyìí tí wọ́n ti rí jẹjẹrẹ ọmú lára ìyá wa. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n ti gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ara wọn sì ti ń mókun kí ó tó di pé wọn kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Orí àga ni wọ́n ń sùn. Ní ilé ìwòsàn, àwọn dókítà ní omi ló kún inú àyà wọn, wọ́n sì fà á. Ara tu ìyá, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, omi náà ti padà. Àwọn àgbà ẹbí ní kí a má jẹ́ kí wọ́n fa omi kankan mọ́, pé agbára ìyá ló ń bá omi náà lọ. Kí ni kí a ṣe?
Ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí omi náà wà, nítorí ibẹ̀ ni àṣìlóye ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ló wà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó bo ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn sì wà tó tẹ́ inú egungun ìhà. Omi díẹ̀, tí kò ju ṣíbí kan tàbí méjì lọ, ló máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì kí wọ́n lè máa yọ̀ lórí ara wọn bí a ti ń mí. Nígbà tí jẹjẹrẹ bá dé ara awọ wọ̀nyí, omi a máa sun jáde ju bó ti yẹ lọ, ojú ibi tí ara ì bá ti máa fà á kúrò a sì dí, títí omi náà yóò fi di lítà kan, lítà méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀fóró kò wá ní àyè láti fẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń sùn lórí ìjókòó. Jẹjẹrẹ ọmú àti ti ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń fa èyí jù, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin àti lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà nínú ara, náà a máa fà á.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà ẹbí, mo sì mọ̀ pé àníyàn ló mú wọn sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n ń rí i pé ìyá ń rù. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ló ń mú wọn rù. Omi tó ti jókòó sí àyà kò ṣe ara wọn ní àǹfààní kankan mọ́, bí a bá sì fi í sílẹ̀, yóò máa tẹ ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀ títí tí apá ibẹ̀ fi lè má ṣí bó ti yẹ mọ́, kódà lẹ́yìn tí a bá ti fa omi náà tán. Dókítà a máa fi skáànù wá ibi tí omi náà wà kí ó tó ti abẹ́rẹ́ bọ àárín egungun ìhà, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó fà ju lítà kan àbọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá rí i pé ó dáwọ́ dúró nígbà tí omi ṣì kù, kì í ṣe pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti sún kì fún ìgbà pípẹ́, tí ó wá ṣí lójijì, lè kún fún omi nínú ara rẹ̀ gan-an, ewu ńlá sì nìyẹn.

Níwọ̀n ìgbà tí omi náà ti padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun méjì ni kí ẹ bi dókítà ìyá léèrè. Èkíní ni bóyá wọ́n lè lẹ awọ méjèèjì pọ̀: wọn a fa omi náà tán, wọn a fi lẹ́búlẹ́bú talc sí àárín wọn, tàbí oògùn bíi doxycycline tàbí povidone-iodine níbi tí talc kò bá sí, awọ méjèèjì a sì so mọ́ra débi pé omi kò ní rí àyè kó jọ sí mọ́. Èyí kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹ̀dọ̀fóró bá lè ṣí dé ara ìhà. Èkejì ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń gba abẹ́ awọ ara kì bọ inú àyà, tí ẹbí yóò máa fi fa omi díẹ̀díẹ̀ nílé. Owó rẹ̀ pọ̀, ìgò tí wọ́n ń so mọ́ ọn kò sì rọrùn láti rí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ń gba aláìsàn lọ́wọ́ àlọbọ̀ ilé ìwòsàn.

Ohun kan ṣì wà tó ṣe pàtàkì lójú mi ju ìwọ̀nyẹn lọ. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi omi náà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n ń pè ní TB, a máa kó omi sí àyà pẹ̀lú, ó sì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí kímò ti dín agbára ara rẹ̀ kù kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn oṣù mẹ́fà ló sábà máa ń wò ó, ọ̀fẹ́ sì ni ní àwọn ibùdó ìtọ́jú TB ti ìjọba. Bó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n rí nínú omi náà, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá họ́mọ̀nù obìnrin ló ń bọ́ ọ, nítorí irú èyí tó bá rí bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ oògùn oníhóró bíi tamoxifen tàbí letrozole, tí ìyá yóò máa lò nílé láìsí wàhálà kímò. Mo ti rí ẹbí tó pa gbogbo ìtọ́jú tì nítorí omi àyà, tí kò sì sí ẹni tó yẹ omi náà wò rí. Ó dùn mí gidigidi.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni wọ́n ń tọ́jú lára ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹsẹ̀ wọn òsì wú lójijì, ó le, ó sì gbóná. A pe ìyá kan tó mọ ara wọ́ láti wá fi òrí wọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, àyà bẹ̀rẹ̀ sí gún wọn, wọn kò sì lè mí. Ọpẹ́ ni pé a tètè gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ti padà sílé báyìí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí a ń gún sí wọn níkùn lójoojúmọ́. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ ló lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ará ilé kan kò gbà, wọ́n ní àsàsí ni, nítorí wọn kò rí bí ohun tó wà lẹ́sẹ̀ ṣe lè dé àyà.
Àbúrò kan, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ọ̀nà tó gbà dé àyà kò ṣòro láti tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ṣiṣẹ́ tán lẹ́sẹ̀ a máa gba iṣan ńlá inú ikùn gòkè padà sí ọkàn, ọkàn a sì tì í lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀fóró kí ó lè gba atẹ́gùn tuntun. Bí ègé ẹ̀jẹ̀ dídì kan bá já kúrò lẹ́sẹ̀, ọ̀nà yẹn náà ni yóò gbà, àwọn iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró, tó ń tín-ín-rín sí i bí wọ́n ti ń lọ, sì ni ibi àkọ́kọ́ tí yóò ti há.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ ń yá láti dì. Armand Trousseau, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris ní 1865. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òun fúnra rẹ̀ fi rí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ara tirẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń tọ́ka sí. Jẹjẹrẹ inú àpòlúkù ló pa á ní 1867. Jẹjẹrẹ a máa tú èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jáde. Èyí tó bá wà ní ilé ọmọ a tún máa tẹ iṣan tó ń bọ̀ láti ẹsẹ̀. Iṣẹ́ abẹ, kímò àti ìdùbúlẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ a sì dá kún un. Nítorí náà, mi ò rí ìdí tí ẹ fi ní láti máa fura sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. N kò sì fẹ́ kí ẹ di ẹ̀bi ru ìyá tó wọ́ ẹsẹ̀ náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì lè já láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lára ẹni tó ní jẹjẹrẹ, yálà ó ń dùn ún tàbí kò dùn ún, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má sì fi omi gbígbóná jó o. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún skáànù iṣan ẹsẹ̀. Bí èémí bá gé lójijì, tí àyà ń gún un nígbà tó bá mí sínú, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ikọ́ jáde, tàbí tí òòyì gbé e ṣubú, ẹ má tilẹ̀ dúró wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó wú. Ẹ̀jẹ̀ dídì lè dé ẹ̀dọ̀fóró láìfi àmì kankan hàn lẹ́sẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ikùn tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbà, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ enoxaparin, kọ́ ló ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Ńṣe ló ń dí i lọ́wọ́ kí ó má baà tóbi sí i, ara á sì máa tú u fúnra rẹ̀. Ó kéré tán, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni wọ́n fi ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń tẹ̀síwájú bí jẹjẹrẹ bá ṣì wà lára. Oníhóró wà, bíi rivaroxaban àti apixaban, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ilé ọmọ a máa ṣẹ̀jẹ̀, dókítà wọn ló sì gbọ́dọ̀ sọ èyí tó bá wọn lára mu. Ẹ má dá abẹ́rẹ́ náà dúró nítorí pé wíwú ẹsẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ẹ má sì fi aspirin, ibuprofen tàbí àgbo kún un láìsọ fún dókítà.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi gba kímò ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Láti àná ni ara wọn ti ń gbóná, wọ́n sì ń wúkọ́ díẹ̀. Mo ra oògùn ibà àti paracetamol fún wọn, ara wọn sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a máa rí dókítà. Ṣé a lè dúró dìgbà náà?
Ìyàwó kan, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Rárá, ẹ má dúró. Ọjọ́ tí mo rí lẹ́tà yìí gan-an ni mo ti fèsì sí ẹni tó kọ ọ́ pé kí wọ́n gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí.

Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn kímò ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó jẹ́ ọmọ ogun ara, sábà máa ń dín kù jù. Nígbà tí irú èyí tí wọ́n ń pè ní neutrophil nínú wọn bá lọ sísàlẹ̀ 500 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan, òtútù àyà tí ì bá gba ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó le lè gba ẹ̀mí ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun tó ń tanni jẹ ni pé ara kò ní agbára láti fi àwọn àmì tí a mọ̀ hàn: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè má sí, X-ray àyà lè mọ́ kedere lákọ̀ọ́kọ́, ara gbígbóná nìkan ló kù láti kìlọ̀ fún wa, paracetamol sì ń bo ìyẹn náà mọ́lẹ̀. Ẹ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara sílé. Bó bá ti dé 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lọ́sàn-án tàbí lóru, ẹ gbéra, kí ẹ sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé ní ẹ̀ka pàjáwìrì pé aláìsàn náà gba kímò ní ọjọ́ báyìí, nítorí ó yẹ kí oògùn apakòkòrò ti máa wọ iṣan rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà pẹ̀lú, kò burú, ṣùgbọ́n oògùn ibà nìkan kò lè gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ń lo prednisolone, oògùn tó ń dín wíwú inú ara kù, tàbí irú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní láti béèrè bóyá ó yẹ kí òun máa lo co-trimoxazole, tó ń dènà òtútù àyà kan tí kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Pneumocystis ń fà.

ÌBÉÈRÈ: Ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé. Wọ́n tọ́jú Hodgkin lymphoma lára mi pẹ̀lú kímò tí bleomycin wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tan ìtànṣán sí àyà mi, èyí tó parí ní oṣù méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní jẹjẹrẹ náà ti lọ. Ṣùgbọ́n ikọ́ gbígbẹ kan ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ń ṣòro fún mi láti gun àtẹ̀gùn ilé mi. Ẹ̀rọ kékeré tí mo ń kì bọ ìka ń sọ pé ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ mi wà ní 95 nínú 100, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì sọ fún wọn. Ṣé ó lè jẹ́ pé ìtọ́jú náà ló ṣe mí báyìí?
Òǹkàwé yín lókè òkun

ÌDÁHÙN: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun méjì ló sì lè fà á nínú ọ̀rọ̀ yín. Ìtànṣán tó pa jẹjẹrẹ náà a máa kan ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí, ẹ̀dọ̀fóró náà a sì wú ní nǹkan bí oṣù kan sí mẹ́ta lẹ́yìn ìtọ́jú, pẹ̀lú ikọ́ gbígbẹ, èémí kíkúrú, àti ara gbígbóná díẹ̀ nígbà mìíràn. Prednisolone ni wọ́n sábà ń fún ẹni tí ó bá le lára rẹ̀, wọ́n á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè rí i pé ikọ́ náà padà.

Bleomycin, tí Hamao Umezawa àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí ní Japan ní àwọn ọdún 1960, wúlò gan-an fún irú jẹjẹrẹ tó mú yín, ṣùgbọ́n èròjà tí ara fi ń fọ́ ọ kò pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ti lè dá àpá sílẹ̀. Ewu náà ń ga bí àpapọ̀ oògùn tí ènìyàn ti gbà bá kọjá 400 unit, bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, bí ọjọ́ orí bá ti lọ, tàbí bí ènìyàn bá ń mu sìgá. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn títí ayé nìyí: bí ẹ bá máa ṣe iṣẹ́ abẹ èyíkéyìí lọ́jọ́ iwájú, ẹ sọ fún dókítà tó ń fúnni ní oògùn oorun pé ẹ ti gba bleomycin rí, nítorí ọ́síjìn tó bá pọ̀ jù lè pa ẹ̀dọ̀fóró yín lára.

Ní ti ẹ̀rọ ìka, ẹ má fi ọkàn tán an pátápátá. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 2020, fi hàn pé láàárín àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ náà sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96, nǹkan bí 12 nínú 100 aláwọ̀ dúdú ni ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó 88 nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò gan-an, nígbà tí ti àwọn aláwọ̀ funfun kò ju nǹkan bíi 4 lọ. Ẹ̀rọ náà kì í rí inú awọ dúdú dáadáa. Ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò kí ẹ tó lò ó, ẹ máa wò ó bóyá ó ń lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ sì gba ohun tí ara yín ń sọ gbọ́ ju ohun tí ẹ̀rọ ń sọ lọ. Àtẹ̀gùn tí ẹ kò lè gùn mọ́ ti tó ẹ̀rí. Wọ́n máa ń fún àwọn tó gba kímò lọ́dọ̀ yín ní nọ́ńbà tí wọ́n lè pè tọ̀sán-tòru. Ẹ pè é lónìí.

Mo fẹ́ fi kún un fún àwọn tí wọ́n ń gba pembrolizumab, nivolumab tàbí irú wọn, tó ń gbé agbára ara dìde sí jẹjẹrẹ, pé agbára tí wọ́n gbé dìde náà lè dojú kọ ẹ̀dọ̀fóró, kódà lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Àwọn kan ń fi ikọ́ pamọ́ fún dókítà kí wọ́n má baà dá oògùn wọn dúró. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, wọ́n lè fi prednisolone pa á lẹ́nu mọ́. Bí ó bá pẹ́, ó lè di ohun tí apá kò ní ká.

ÌBÉÈRÈ: Jẹjẹrẹ bàbá wa ti dé ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, àwọn dókítà sì ti sọ fún wa pé kò sí kímò tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n fún wa ní mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, pé kí bàbá máa lò ó nítorí èémí. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin gbé e pamọ́, wọ́n ní oògùn náà yóò pa bàbá, wọ́n fẹ́ kí a ra àgbá ọ́síjìn dípò rẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?
Ọmọ kan, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìfẹ́ bàbá ló mú ẹ̀gbọ́n yín ṣe ohun tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé oògùn náà jáde. Ìwọ̀n kékeré tí dókítà kọ sílẹ̀ a máa dín inira àìlèmí kù, ara bàbá á balẹ̀, wọ́n á sì lè sùn. Bí wọ́n bá fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí dókítà ń fi kún un ní pẹ̀lẹ́, kì í dá èémí dúró. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò ṣe ni kí ìgbẹ́ gan mọ́ wọn nínú, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní ti ọ́síjìn, ẹni tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ nìkan ló ń ṣe láǹfààní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ bàbá wò ná kí ẹ tó ná owó. Bí kò bá lọ sílẹ̀, fáànù kékeré tí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lè mú wọn mí tùrà bí ọ́síjìn. Bí wọ́n bá sì nílò ọ́síjìn, ẹ jẹ́ kí sítóòfù, àbẹ́là, àtùpà àti sìgá jìnnà sí yàrá náà, nítorí iná a máa ràn kíá níbi tí ọ́síjìn bá wà, ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Ẹ gbé tábìlì síwájú bàbá, ẹ gbé ìrọ̀rí lé e, kí wọ́n lè fi apá lé e, kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀. Àwọn tó wá kí wọn náà kò gbọ́dọ̀ kún yàrá. Mo mọ̀ pé èyí ṣòro láti sọ fún ẹbí, ṣùgbọ́n bàbá nílò atẹ́gùn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má máa da omi, ẹ̀kọ tàbí àgbo sí bàbá lẹ́nu nígbà tí oorun bá ń kùn wọ́n. Ó lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì di òtútù àyà. Ní UCH, Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tu irú aláìsàn báyìí lára, tí wọ́n sì ń lọ bẹ àwọn mìíràn wò nílé; ẹ bi àwọn dókítà yín léèrè ibi tó sún mọ́ yín tí irú rẹ̀ wà. Ẹ ti mọ́fíìnì náà mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, ẹ máa kọ wákàtí àti ìwọ̀n tí ẹ fún bàbá sínú ìwé fún nọ́ọ̀sì láti rí, bí ó bá sì di ìgbà tí ẹ jí wọn tí wọn kò jí, ẹ má fún wọn ní èyí tó kàn, ẹ pe dókítà.